Ibi Tí Kì Í Dunni Mọ́

Ẹ̀yin tá a jọ ń gún ìnsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ikùn yín níbi tí ẹ ti máa ń gún un. Ṣé kókó kan ò sí níbẹ̀?

Tèmi wà lápá òsì ìdodo, roboto, ó tó kóró àgbálùmọ̀ mẹ́ta pa pọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gún ojú kan náà, torí kì í dùn mí mọ́ níbẹ̀. Ẹ má pè mí ní ọ̀lẹ o. Ẹni tó ń gún ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé kókó kì í jẹ́ kí oògùn wọlé bó ṣe yẹ. Ṣúgà mi ń gòkè, 280, 310, wọ́n sì ń fi kún oògùn títí ó fi di yúníìtì 40 láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n ká aṣọ sókè wò.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló rí i. Ó ní, "Bíìgì Mọ́mì, ẹ kúrò níbẹ̀!" Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ ọjà Òjé n'Íbàdàn, mo gún 40 yẹn sí itan.

Ìdí ìsọ̀ òfì ni mo wà nígbà tí ṣúgà mi já wálẹ̀. Òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì, ètè mi kú. Owó tí oníbàárà kó fún mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kò yé mi. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé, "Àbí ìyá yìí ti mutí ni?" Èmi tí mo ti ń ná Òjé kí wọ́n tó bí i! Mo fẹ́ fèsì, ahọ́n mi ò yí. Ọmọ onímínírà kan ló ki Fanta bọ̀ mí lẹ́nu, ìdajì ẹ̀ dà sórí aláàárì. Lẹ́yìn Fanta náà, ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà nínú báàgì mi ṣì ka 51, ó ṣì lọ sílẹ̀ jù.

Mo bọ̀ sípò. Dókítà dín oògùn kù sí 30, ó parí.

Ẹ má gún orí kókó. Ẹ máa sún ní ìbú ìka kan kúrò níbi tí ẹ gún kẹ́yìn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ láàárín ikùn, itan àti ìdí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí kókó, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, torí oògùn tó ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ tuntun nígbà gbogbo. Èmi máa ń lo ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan, owó ló fà á. Ìnsúlínì tó funfun bíi wàrà, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Kókó yẹn ṣá, ẹ máa tẹ ikùn yín wò.

Aláàárì yẹn ṣì wà nílé. Oníbàárà ò gbà á mọ́.