Ẹjọ́ tí àwọn òǹkàwé pe Lemony Snicket

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ka ìwé kẹrin tán, inú sì ń bí i gidigidi. "Àǹtí, kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà inú ìwé yìí kì í gba ọmọdé gbọ́?" Bó ṣe bi mí lórí fóònù lọ́sàn-án nìyẹn, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé kò fẹ́ ìdáhùn yẹpẹrẹ. Ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu àwọn òǹkàwé A Series of Unfortunate Events láti ọdún 1999 tí èyí àkọ́kọ́ ti jáde. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé yìí púpọ̀. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ oríṣiríṣi tí àwọn èèyàn ń pè wọ́n, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rò sílẹ̀ kí n tó sùn.

Ẹni tí kò bá tíì kà wọ́n, ìwé 13 ni. Lemony Snicket ni orúkọ tó wà lára ìwé, ṣùgbọ́n Daniel Handler, ọmọ San Francisco, ló kọ wọ́n, Brett Helquist ló sì ya àwòrán inú wọn. Ọmọ mẹ́ta ni ìtàn náà dá lé lórí, Baudelaire ni orúkọ ìdílé wọn. Violet jẹ́ ọmọ ọdún 14, òun ló máa ń fi ríbọ́n di irun rẹ̀ sókè tó bá fẹ́ ronú nípa ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣe. Klaus jẹ́ ọmọ ọdún 12, ohun tó bá ti kà kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Sunny ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, eyín mẹ́rin péré ló ní, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí eyín náà kò lè gé. Iná jó ilé wọn, ó sì pa bàbá àti ìyá wọn. Ogún wà, ó sì pọ̀, àmọ́ ọwọ́ wọn kò lè tó o àfi tí Violet bá tó ọjọ́ orí tí òfin sọ. Count Olaf, òṣèré orí ìtàgé tí wọ́n ní mọ̀lẹ́bí wọn ni, ló wá ń lé owó náà káàkiri láti ìwé kan dé òmíràn.

Kò yẹ kí Yorùbá kankan bi mí pé irú ìtàn wo nìyẹn. A ti rí ẹbí tó ń wá ìwé ilẹ̀ olóògbé kí wọ́n tó ká ìbùsùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀. A ti rí ọmọ òrukàn tí wọ́n pín bí ẹni pín ẹrù, tí ẹni tó gbà á sọ́dọ̀ sì jẹ́ ẹni tó ń wo ilé bàbá rẹ̀ lójú kòkòrò. Amẹ́ríkà ni Handler wà tó ti kọ ọ́, inú ìlú tí kò dárúkọ ló fi ìtàn rẹ̀ sí, síbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo mọ Olaf dáadáa.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ìyá ọmọ ló ń pè é, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára wọn. Wọ́n ní ìwé náà ti burú jù fún ọmọdé. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn ohun tí àgbà ọkùnrin ń wá tó fi fẹ́ fẹ́ ọmọ ọdún 14 nínú ìwé kìíní, tó dọ́gbọ́n gbé ìgbéyàwó náà sínú eré orí ìtàgé, tó mú adájọ́ tòótọ́ wá ṣe adájọ́ inú eré kí ìgbéyàwó náà lè di ti òfin, kí owó sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Olaf kan náà ló gbá Klaus létí níwájú àwọn àlejò rẹ̀. Òun náà ló ti Sunny mọ́ inú àgò ẹyẹ, tó fi í kọ́ sí ojú fèrèsé ilé gogoro. "Ìwọ lo ra ìwé yìí fún ọmọ mi?" Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Mi ò bá wọn jiyàn pé kò bani lẹ́rù. Ó bani lẹ́rù. Àmọ́ mo ní kí wọ́n ka bí àwọn ọmọ náà ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Klaus ló fi òru ka ìwé òfin, òun ló tú àṣírí ohun tí Olaf ń pète. Violet ló sì rántí pé òfin ní kí ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń lò, ló bá fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, ìgbéyàwó náà sì fọ́. Ìwé ni wọ́n kà, wọ́n ronú, wọ́n sì gba ara wọn lọ́wọ́ ẹni tó jù wọ́n lọ. Ọmọ tó bá ka ìyẹn tán yóò mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan wà tí kò yẹ kéèyàn fọkàn tán, yóò sì mọ̀ pé òun náà ní ọpọlọ tí òun lè fi gba ara òun. Ohun tí mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí ọmọ má dá a kà. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí tó lè bi ní ìbéèrè.

Ẹjọ́ kejì ni ti ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń sọ pé ìwé mẹ́rin àkọ́kọ́ jọ ara wọn jù: wọ́n á gbé àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tuntun, Olaf á yíra padà, á wọlé wá, àwọn ọmọ á dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á pariwo, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ó sú òun níbi ìwé kẹta, ó ní kò sí àgbàlagbà tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ó wà. Mo tún ṣí ojú ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Poe ti wá bá àwọn ọmọ náà ní Briny Beach. Ojú ọjọ́ ṣú, etíkun dá, àwọn mẹ́ta nìkan ló ń ṣeré níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni Poe, ikọ́ kì í sì í fi í sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé àwọn òbí wọn ti ṣègbé nínú iná. Ìgbà tí kò rí ẹni fọhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹni tó ṣègbé, ó ti kú nìyẹn. Klaus fi ìbínú dá a lóhùn pé àwọn mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ wò ó: ilé ti jóná, bàbá kò sí, ìyá kò sí, àgbàlagbà sì dúró níwájú ọmọ, ó ń kọ́ ọ ní èdè. Kì í ṣe pé Poe burú. Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ náà ló fà wọ́n lé Olaf lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ló gbọ́dọ̀ tọ́ wọn, nígbà tí adájọ́ aládùúgbò tó fẹ́ gbà wọ́n ṣọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Èmi rò pé Handler mọ̀ọ́mọ̀ ń tún un sọ. Ọmọ tí wọn kì í gbà gbọ́ kì í rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé karùn-ún, torí ibẹ̀ ni àwọn Quagmire ti wọlé, Duncan àti Isadora, tí iná pa òbí tiwọn náà, tí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ àwọn Baudelaire gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì dé ìwé kẹjọ, yóò rí i pé kò sí alágbàtọ́ mọ́. Ìwé ìròyìn ti pe àwọn ọmọ náà ní apànìyàn, wọ́n ń sá kiri. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń paró, tí wọ́n ń yíra padà, tí wọ́n ń dáná sun ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ìbéèrè tí ń dùn wọ́n ni bóyá àwọn náà kò ti di Olaf. Mi ò rí ìwé ọmọdé púpọ̀ tó fọkàn tán ọmọdé tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kẹta ló kan èmi gan-an. Ìwé ìkẹtàlá jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2006, ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ tó sì ti fi ọdún méje dúró ló fi ìbínú pa á dé. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú àwo ṣúgà tí gbogbo ayé ń lé. Ẹgbẹ́ aláṣìírí tí àwọn òbí náà wà nínú rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n rí mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọfà olóró tí wọ́n fẹnu bà nínú ìwé kejìlá mú kéèyàn fura pé ọwọ́ àwọn òbí náà kò mọ́ tán, kò sì sẹ́ni tó là á yé wa. Àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ, ìtàn tán.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní JSS 2. Ọjọ́ ìsìnkú, ọkùnrin kan tí a kò rí rí wá, ó sunkún ju àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ, ó fi àpòòwé kan lé ìyá mi lọ́wọ́, ó sì lọ. Màmá mi ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó lè sọ fún wa ẹni tó jẹ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Mo ti bi gbogbo ẹni tí mo lè bi, mo sì ti gbà pé mi ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òpin ìwé náà kò fi bí mi nínú rárá nígbà tí mo kà á. Èèyàn á kú tòun ti nǹkan tó mọ̀. Ọmọ tó kù sílẹ̀ á máa ṣa ègé jọ, á rí díẹ̀, ìyókù á lọ.

Àwọn tí kò lè fara mọ́ ọn ní Netflix. Sinimá ọdún 2004, èyí tí Jim Carrey ti ṣe Olaf, kò kọjá ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì borí ìbẹ̀rù rẹ̀ fún mi. Eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tó sì parí ní 2019 ló gba gbogbo ìwé já. Neil Patrick Harris ló ṣe Olaf níbẹ̀, Handler náà sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n sọ ohun tó wà nínú àwo ṣúgà. Wọ́n mú Beatrice, ọmọ tí àwọn Baudelaire tọ́, wá bá Lemony Snicket, tó jẹ́ ẹni tó ń sọ ìtàn náà, jókòó, ó sì sọ bí wọ́n ṣe là á já. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé dúpẹ́, mo sì rí ìdí tí wọ́n fi dúpẹ́. Èmi náà sunkún níbẹ̀. Síbẹ̀ ìwé ni màá fi lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ kà dé òpin. Tó bá kà á tán tí inú ṣì ń bí i, a jọ máa wo èyí tí Netflix ṣe.