Èsì troponin kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ lábù, lọ́sẹ̀ yìí ni mo tún rí ìwé èsì troponin (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí iṣan ọkàn bá bàjẹ́) tí wọ́n kàn kọ "nẹ́gátíìfù" sí. Kò sí iye, kò sí aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀.

Èkíní, ẹ máa kọ iye. Èkejì, ẹ máa kọ aago, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣojú mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Íbàdàn níbí ni mo wà nígbà náà. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá láti Ọ̀jẹ́, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Àyà ń dùn ún, kò lè mí délẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan tí ibà àti ọ̀fìnkìn ti dá a gúnlẹ̀. Troponin rẹ̀ kò ga, CK-MB (òun náà ń jò láti inú iṣan ọkàn) kò ga, CRP (tó ń ga bí ibì kan bá ń wú nínú ara) nìkan ló fò sókè. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọkàn rẹ̀, taifọ́ọ̀dù ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣe ECG (àyẹ̀wò iná tó ń mú ọkàn lù), ká wo ọkàn yìí dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará lábù, ẹ jókòó ti maikirosíkóòpù yín."

Inú iṣan ọkàn ni troponin ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́ ló ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan ọkàn bá wú (myocarditis ni wọ́n ń pè é), jíjò náà lè dáwọ́ dúró nígbà tí ọkàn ṣì ń ṣàárẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997, ènìyàn 53 ló ní àìsàn yìí, tí wọ́n gé bíńtín nínú ẹran ọkàn wọn yẹ̀ wò. Troponin I ga lára 18 péré, CK-MB lára 3. Àwọn tí àárẹ̀ ọkàn wọn kò tíì ju oṣù kan lọ ló sì pọ̀ nínú àwọn tí tiwọn ga. (Èyí tó ga náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dá dúró o: àìsàn kíndìnrín ń gbé e sókè, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí náà ńkọ́? MRI ọkàn, àwòrán tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà, ló máa ń là á.)

Ọmọ náà padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á jìn. Ibòmíràn ni wọ́n ti ya àwòrán ọkàn rẹ̀: ó ti fẹ̀, kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́. Dókítà yẹn kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí, títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ èsì pé: "Troponin kò ga. Èyí kò sọ pé iṣan ọkàn kò wú. Ẹ wo ECG, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ fà." Dókítà tó bá máa bínú, kó máa bínú.