Wọ́n Ní Òrí Mi Ń Rùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú arúgbó nílùú òyìnbó rí, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti rọra ti ilẹ̀kùn báyẹn, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹbí ìyá àgbà kan ló wá fẹjọ́ sùn pé òórùn kan ń ti ara mi jáde, ṣé mi ò lè wá ìpara mìíràn ni? Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀. Mo wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo gbọ́ òórùn ọwọ́ ara mi. Òrí ni.

Òrí Ṣakí ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà pò tí wọ́n ń rọ sínú ike pẹnpẹ tà lówó gọbọi. Wọ́n ti dá aago padà, kò tíì tó aago márùn-ún tí ilẹ̀ fi ń ṣú ní Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ọyẹ́ tilé máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́: ètè á là, gìgísẹ̀ á là, kóówá á lọ wá òrí. Tibí kì í ránṣẹ́. Òtútù ń gbẹ èèyàn níta, ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbẹ ẹ́ nínú ilé. Ẹsẹ̀ mi wá dà bíi ti ẹni tó rìn kọjá nínú èlùbọ́.

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Kerala ní Íńdíà, ló bá mi níbi tí mo káwọ́ gbera. *Chechi* ló máa ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ó ní, "Chechi, bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó ni ò dáa." Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, kí èèyàn tó wẹ̀ ló ń para. Wọ́n á gbé ìgò òróró sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi ra ara, gbọọrọ lórí egungun, róbótó lórí oríkèé, wọ́n á mú àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ kúrò. Awọ á ti mu ìwọ̀n tiẹ̀, òórùn á bá omi lọ. Òróró yànmọ̀tí ni wọ́n ń lò nígbà òtútù. *Nallenna* ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òróró rere.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Àṣé mo ti fọwọ́ kan agogo! Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, pín ọdún sí àsìkò 6, oṣù méjì méjì. Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló ń darí ara: *vata* tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́, *pitta* tó jẹ́ ti iná, *kapha* tó jẹ́ ti omi àti ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ti ń fẹ́, *vata* á ru sókè: awọ á gbẹ, oríkèé á máa ro èèyàn, oorun á sá. Ohun tó yàtọ̀ sí i ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí i: òróró, oúnjẹ gbígbóná tó lọ́ràá, atalẹ̀, kéèyàn sì máa jẹun lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Mo ní òṣìṣẹ́ alẹ́ wo ló ń jẹun lákòókò? A jọ bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ 7 tó gbẹ̀yìn àsìkò kan àti ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ èyí tó tẹ̀ lé e ni *ritusandhi*, oríta àsìkò, tí èèyàn á máa fi ìṣe àtijọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Leicester ńkọ́, tí òjò, oòrùn àti yìnyín ń já wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má ra oògùn oníhóró wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ti bá òjé àti mákúrì nínú òmíràn. Òróró ò sì lè rọ́pò oòrùn tó ń jẹ́ kí ara rí fítámì D. Àwa méjèèjì là ń gbé fítámì D máíkírógíráàmù 10 mì lójúmọ́, bí NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ṣe wí.

Òjò wọn pàápàá ní oúnjẹ tiẹ̀. Nínú oṣù Karkidakam, láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, ìrẹsì ṣíṣàn bí ògì tí wọ́n fi egbòogi sè ni wọ́n ń mu. Ìyá rẹ̀ ṣì ń fi egbòogi náà ránṣẹ́ sí i, ó ń kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ọ̀rá.

Ìyá rẹ̀ ṣì ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Màámi ló fi òrí yẹn ránṣẹ́, wọ́n fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó má bàa yọ́ lọ́nà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, wọ́n pè mí. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú màámi, nẹ́tíwọ̀kì ń já, ó ń padà. Ìgbà tó máa dúró, wọ́n ti bo ilẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Òrí náà ti kan. Ọ̀gá mi ò purọ́.

Àbúrò ará Kerala yìí bi mí pé kí ni ìyá mi máa ń sè fún wa tí òtútù bá dé. Mo ní àgbo. Ó ní ewé wo? Mo ní dóńgóyárò, àti… epo igi kan tó pupa, àti… Ó ti yọ bíírò síta, ó ń dúró.

Mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n màámi ní Ṣakí. Wọ́n ní, "Èyí tó ń hù lẹ́yìn ilé ìdáná wa ńkọ́, o ò rántí ẹ̀?" Mo ní mi ò rántí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Máa bọ̀ wálé kí n fi hàn ọ́. Ṣé wọ́n máa ń júwe ewé lórí fóònù ni?"