Ọta tó ń rìn nínú ọrùn ìkarahun

Lórí tábìlì tí a ti ń ki ọta ìbọn bọ ìkarahun idẹ láàárọ̀ yìí: ọta .308 (ìwọ̀n ìbú ọta ní ínǹṣì) kan wọlé wọ̀ọ̀, èyí tó tẹ̀lé e le koko. Ẹ má tíì dá ọta lẹ́bi. Ẹ wọn ọrùn ìkarahun tí ọta wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.336 ínǹṣì, ẹ fi bushing 0.334, òrùka tó ń fún ọrùn ìkarahun, bẹ̀rẹ̀. Ìkarahun tí wọ́n ti yìn léraléra, idẹ rẹ̀ á ti le, á máa fà padà lẹ́yìn tí bushing bá fún un. Iná ló ń rọ̀ ọ́, ọrùn àti èjìká nìkan. Kò gbọdọ̀ dé ìdí láéláé. Èyí tí àtàǹpàkò bá tì wọlé, ẹ má yìn ín o! Ọta tó bá rì sínú ń mú kí agbára ẹ̀tù ga jù.