Táìlì tó dún kòròfo

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ilẹ̀ pálọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún fi ìwé ẹ̀rí ètò ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́ta kan hàn mí, àpò irinṣẹ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó jáde ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, táìlì ti ń ṣí kúrò nílẹ̀. Ọmọ Kútọnu ló wá tún un ṣe, ẹni tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kí ó tó po símẹ́ńtì, ó ta okùn láti igun dé igun; bí ó bá sì ti lẹ táìlì kan tán, yóò fi oríkèé ìka kàn án, yóò dẹtí sí i, èyí tó bá sì dún kòròfo, yóò hú u kí símẹ́ńtì tó gbẹ. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ni yóò kọ ọ́ fún mi?"

Ìjọba Nàìjíríà kò ṣàì gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Àjọ ITF, ti ìjọba tó ń rí sí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà láti ọdún 1971, tó jẹ́ pé lónìí, ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù ọdọọdún fún un nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó dára, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù rewáyà tó jẹ́ ọ̀gá kan àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú ìṣirò yẹn. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú àpótí ni ó dípẹtà sí, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. N-Power, ètò ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 tí wọ́n sì dá dúró ní 2023, san ₦30,000 lóṣooṣù fún àwọn tó ti kàwé gboyè. Owó náà bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò wọn parí, ọ̀pọ̀ ló padà sẹ́nu wíwá iṣẹ́. Iye ènìyàn tí wọ́n kọ́ ni wọ́n máa ń kéde. Iye tó ṣì ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn ọdún kan kì í sábà wọ inú ìròyìn.

Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti NDE, àjọ ìjọba fún ìpèsè iṣẹ́, ní 1987, tó ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń wọ ènìyàn lára. Àbúrò mi obìnrin, tó kọ́ aṣọ rírán, gbé ìwé fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ọ̀gá rẹ̀ àti ẹgbẹ́ télọ̀ ló fọwọ́ sí i, a sì se jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà. Nígbà tó mú un lọ bá ilé ìfowópamọ́ kan fún owó yíyá, wọn ò tilẹ̀ kà á dópin.

Ọ̀nà wà. Lábẹ́ ètò NSQF, òṣùwọ̀n ìjọba fún ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, tí NBTE, àjọ tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń bójú tó, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣiṣẹ́ lójú olùdánwò, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀, láìjókòó ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òṣùwọ̀n rẹ̀, àwọn tó sì nílò rẹ̀ jù kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ó wà, ìpàdé oṣooṣù àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni n óò ní kí olùdánwò máa wá, kí ó fi Yorùbá béèrè ohun tó bá fẹ́ béèrè, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ọmọ Kútọnu náà mú ọmọ iṣẹ́ kan dání, ọmọ Mọ́níyà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí, ó ní kí ọmọ náà kan gbogbo ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń kàn án lọ, ó dúró níbi kan lẹ́bàá fèrèsé, ó tún un kàn, ó wá wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n hú u.