Ẹni tó ni ilẹ̀ ni kó ni máàpù

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo kọ́ nílé kí n tó kọjá sí Kánádà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ìlú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní àríwá British Columbia, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, mo rò pé tiwọn ni kí wọ́n sọ̀rọ̀, tèmi ni kí n yà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi.

A tẹ́ máàpù fífẹ̀ kan sórí tábìlì. Ìyá àgbà kan mú bírò pupa, ó ń fi tọ ipa odò láìgbé ọwọ́ sókè: ibi tí wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n fún ẹja salmon, ibi tí wọ́n ti ń sá a gbẹ, ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń pa moose, ẹranko igbó ńlá kan. Lórí máàpù tí ilé-iṣẹ́ awakùsà kó wá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ òkè kan, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àwọn èèyàn wa ló sùn síbí."

Mo fi àmì sí i. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, títí kan àwọn awakùsà. Nígbà tí ìyá gbọ́, kò pariwo. "Ọmọ mi, ta ló ní kí o júwe ibojì wa fún àlejò?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọ̀nà igbó orò han ẹni tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Delgamuukw tí àwọn Gitxsan àti Wet'suwet'en, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ méjì ní British Columbia, pè, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà gbà pé ìtàn àtẹnudẹ́nu lè jẹ́ ẹ̀rí lórí ilẹ̀. Ní 2014, ó fọwọ́ sí i pé àwọn Tsilhqot'in, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ míì níbẹ̀, ló ni ilẹ̀ tó lé ní 1,700 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ta ló máa ń kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àlejò?

Lọ́dún 2014 yẹn kan náà ni Firelight Group, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ ìbílẹ̀ ni, bẹ̀rẹ̀ Indigenous Mapping Workshop, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará ìlú ní iṣẹ́ máàpù. Ọmọ-ọmọ ìyá náà obìnrin lọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tó dé, ó yọ àmì tí mo fi sí ibojì kúrò, ó fi òbìrí fífẹ̀ bo gbogbo àgbègbè náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni bi ìlú léèrè kó tó gbẹ́ ilẹ̀. Èmi tí mo lọ yunifásítì kò ronú kan ìyẹn.

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó epo, owó àwọn àgbà tó ń júwe ọ̀nà, ìlú náà ni gbogbo rẹ̀ ń kù sí báyìí. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà pàápàá ti là á kalẹ̀ pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 owó kọ́ńtíráàtì òun gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Àmọ́ ẹ la ojú yín o: àwọn kan ń yá orúkọ ọmọ ìbílẹ̀ lò lásán. Ẹ béèrè ẹni tó ń jèrè gan-an.

Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ ka ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú mọ́ iye owó tẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ìlú ló ni fáìlì.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ kẹ́yìn, mo ní kí ọmọbìnrin náà ṣí apá ibojì lórí máàpù fún mi kí n fi wo ibi tí ọ̀nà tuntun máa gbà. Ó ní òun á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Mo jókòó síta, mo ń dúró.