Ohun tí òjò ìlú Porto kọ́ mi nípa iṣẹ́ afinimọ̀nà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ afinimọ̀nà fún àwọn arìnrìn-àjò, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí a ń mú kiri. Ìsinmi tí èmi àti ọkọ mi lọ lò ní ìlú Porto, ní ilẹ̀ Pọ́túgà, ni ó là mí lójú, pàápàá ọjọ́ kejì, tí òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí tí kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èmi ni mo ṣètò ọjọ́ náà, ibi mẹ́sàn-án ni mo sì kọ sílẹ̀ pé a ó dé. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n tẹ Porto dó sí, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ẹsẹ̀ ara ẹni ni a ó máa wò dípò ìlú. Kí aago mẹ́wàá tó lù, bàtà ọkọ mi ti rin gbindin, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ máa kíyè sí àlejò tí ó dákẹ́: ẹni tí ń ráhùn ṣì wà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí ó dákẹ́ ti padà sí yàrá tí ó sùn.

A sá fún òjò wọ ibùdókọ̀ ojú irin São Bento, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1916, tí nǹkan bí 20,000 táìlì tí Jorge Colaço kun àwòrán sí bo ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fún un nínú ètò mi. Ó lé ní wákàtí kan tí a lò níbẹ̀. A rí bí ọba João Kìíní àti Philippa, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wọ ìlú ní ọdún 1387, a sì rí bí àwọn ọmọ ogun Pọ́túgà ṣe ṣẹ́gun Ceuta, ní etíkun àríwá Áfíríkà, ní ọdún 1415. Níwájú àwòrán Ceuta yìí ni ọkọ mi ti lahùn. Ó ní láti ibẹ̀ ni àwọn ará Pọ́túgà ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé etíkun tiwa, tí wọ́n sì fún Èkó ní orúkọ Lagos. N kò tíì sọ gbólóhùn kan. Àlejò a máa gbé ìmọ̀ tirẹ̀ wá láti ilé, kí ẹ jẹ́ kí ó ráyè lò ó.

Lẹ́yìn èyí, mo fagi lé ìyókù, a sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lórí afárá Dom Luís Kìíní, tí wọ́n parí ní ọdún 1886, kọjá odò Douro sí Vila Nova de Gaia, níbi tí àwọn ilé ìpamọ́ wáìnì port wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó gbà wá kò mẹ́nu ba wáìnì títí ó fi sá ẹ̀wù wa, tí ó fún wa ní ìjókòó àti wàràkàṣì díẹ̀. Nígbà náà ni ó béèrè irú ọtí tí wọ́n ń mu nílé wa. Ọkọ mi ní ẹmu ni, pé ti òwúrọ̀ a máa dùn, ti ìrọ̀lẹ́ a sì kan. Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ náà ni omi àjàrà ì bá ṣe, ṣùgbọ́n kí ìwúkàrà tó jẹ adùn rẹ̀ tán, wọn a da ọtí líle tí a fi àjàrà ṣe lé e, èyí tí ó le tó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún, tí yóò pa ìwúkàrà náà. Ìdí nìyẹn tí port fi dùn, tí ó sì tún le. Ife mẹ́ta péré ni ó gbé síwájú wa. Ó ní èyí tí ó pẹ́ nínú àgbá kékeré ni igi àti atẹ́gùn ti sọ di aláwọ̀ ilẹ̀, pé àgbá ńlá ni ó ń jẹ́ kí pupa èkejì dúró. Ọkọ mi, tí kì í fẹ́ràn ọtí, ni ó ń bi í ní ìbéèrè títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ṣètò fún tọkọtaya, mo máa ń kọ ètò ọjọ́ òjò sí ẹ̀yìn ìwé kan náà: ibi méjì tí ó ní òrùlé, ọ̀nà kúkúrú láàárín wọn, àti ibì kan tí wọ́n ti lè jókòó pẹ́.